Oògùn Oorun fún Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́ SS: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí Àwọn Dókítà Ń Tọ̀

Ní Baṣọ̀run, bó ṣe rí ní gbogbo Ìbàdàn lónìí, jẹ́nótáìpù ti di ohun tí wọ́n ń béèrè kí ọkùnrin àti obìnrin tó ṣe ìgbéyàwó. Àwọn òbí ń béèrè rẹ̀, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn náà ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ SS ni wọ́n ti bí kí ìbéèrè yìí tó di àṣà, wọ́n sì ti dàgbà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń bímọ. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni iṣẹ́ abẹ ń dé bá wọn: egungun ìbàdí tó ti kú, òkúta inú òróòro, egbò egungun tí kò jinná, ojú tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀, ọmọ inú tí kò lè gba ojú ara wáyé. Ọ̀pọ̀ wọn láti Baṣọ̀run, Ìdí-Apẹ́ àti Aṣí ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì, UCH, tó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bá pàdé níbẹ̀ ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé: báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n kun ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lóorun, kó lè jí ní àlàáfíà, kí ọjọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ náà má sì di ọjọ́ ìjàm̀bá? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀. Òmíràn ti pé àádọ́ta ọdún, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn kan bára mu, àwọn mìíràn tako ara wọn pátápátá.

Ohun tó mú kí oorun yìí yàtọ̀

Lọ́dún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú himoglóbínì, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ni àbùkù náà wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, bí himoglóbínì alábùkù yìí, tí wọ́n ń pè ní S, bá ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á le, á sì tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti le kì í rọrùn láti gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá. Ó ń dí ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé á máa ro ènìyàn, ó sì lè kú.

Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ọmọ bíi 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, àti pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Láàárín àwa Yorùbá, himoglóbínì C náà wọ́pọ̀, nítorí náà ẹni tó jẹ́ SC kì í ṣe àjòjì nílé ìwòsàn wa.

Ohun méjì ni dókítà akunnilóorun ń bẹ̀rù jù. Èkíní ni ìkọlù ìrora, tí gbogbo ẹbí SS mọ̀. Èkejì ni ìkọlù àyà: ibà, ikọ́, èémí tó ń há, àti òjìji tuntun nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ya fọ́tò àyà. Ìkọlù àyà yìí sábà máa ń dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ ti parí, nígbà tí ẹbí ti ń dúpẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ìwádìí ńlá tí Koshy àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 wo iṣẹ́ abẹ 1,079 lára ènìyàn 717. Ẹni 12 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Iye yìí kò pọ̀ tó bí ẹ̀rù àwọn ènìyàn ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò kéré débi tí a ó fi fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Èrò kìíní: omi, ooru àti ọ́síjìn

Èrò tó pẹ́ jù lọ ni pé ohun mẹ́rin ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀: àìtó ọ́síjìn, òtútù, òǹgbẹ, àti kíkan tí ẹ̀jẹ̀ ń kan. Bí a bá dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oògùn oorun yòówù tí wọ́n bá lò, ó lè jí láyọ̀. Nítorí náà, wọn kì í jẹ́ kí ebi àti òǹgbẹ ṣáájú iṣẹ́ abẹ pẹ́ lára rẹ̀: wọ́n á so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n á mú omi tí wọ́n ń fà sí i lára lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ́síjìn á máa wọlé kí oorun tó dé, nígbà oorun, àti lẹ́yìn tó bá jí.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kópa tó lórúkọ nínú èrò yìí. Lọ́dún 1972, Oduro àti Searle, tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn ka iṣẹ́ wọn ní Gánà, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n má sọ nǹkan di líle: ìtọ́jú tó rọrùn, tí a sì fi ọkàn ṣe, ni kí wọ́n gbájú mọ́.

Agbára èrò yìí ni pé kò wọ́n. Ilé ìwòsàn tí kò ní bánkì ẹ̀jẹ̀ lè ṣe é, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ oorun lè ṣe é, aláìsàn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sì lè rí i gbà.

Àìlera rẹ̀ ni pé ẹ̀rí tó dì í mú kò nípọn tó bí ìgbàgbọ́ tí a ní nínú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Lọ́dún 2004, Firth àti Head ṣe àtúnyẹ̀wò gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ọkàn, níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ mú ara tutù, ti yọrí sí rere lára àwọn aláìsàn SS kan. Lójú tiwọn, àrùn yìí ju ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lọ. Ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wú, ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọgbẹ́ tí iṣẹ́ abẹ ń dá sára sì ń ru ìbàjẹ́ náà sókè, yálà ọ́síjìn pé tàbí kò pé. Ewu mìíràn tún wà: omi tó bá pọ̀ jù lè ṣàn sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì bí ìkọlù àyà tí a ń sá fún.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dábàá pé kí a pa ìlànà yìí tì. Ohun tí àríyànjiyàn náà kọ́ wa ni pé ìlànà náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó.

Èrò kejì: kí aláìsàn kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀

Orí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ìjà ti gbóná jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Àgọ́ mẹ́ta ló wà.

Àgọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn títí himoglóbínì S yóò fi wálẹ̀ dé ìdá 30 nínú 100. Àgọ́ kejì ní kí wọ́n kàn fa ẹ̀jẹ̀ kún tirẹ̀ títí himoglóbínì rẹ̀ yóò fi dé 10, tí í ṣe PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) bíi 30. Àgọ́ kẹta ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ gan-an.

Lọ́dún 1995, Vichinsky àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àgọ́ méjì àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wo iṣẹ́ abẹ 604 lára ènìyàn 551. Ìṣòro tó dé bá ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ìdá 31 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn, ìdá 35 lára àwọn tí wọ́n kàn fa ẹ̀jẹ̀ kún tiwọn. Ìkọlù àyà bá ìdá 10 nínú 100 ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ẹ̀jẹ̀ gbígbà fúnra rẹ̀ fà jẹ́ ìdá 14 ní ìhà pípààrọ̀, ó sì jẹ́ ìdá 7 péré ní ìhà kejì. Láti ọjọ́ náà ni agbára àgọ́ àkọ́kọ́ ti dínkù, àyàfi fún iṣẹ́ abẹ tó léwu jù bíi ti ọkàn àti ti ọpọlọ.

Ó wá ku àgọ́ kejì àti ẹ̀kẹta. Ìwádìí tí wọ́n pè ní TAPS, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2013, fi àwọn méjèèjì wéra. Wọ́n ní láti tètè dá a dúró nítorí ohun tí ojú rí. Nínú ẹni 33 tí kò gba ẹ̀jẹ̀, 13 ló ní ìṣòro tó lápẹẹrẹ. Nínú ẹni 34 tó gbà á, 5 péré ni. Ìkọlù àyà ló pọ̀ jù nínú ìṣòro tó le, ìhà àwọn tí kò gba ẹ̀jẹ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀ jù. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dábàá pé kí aláìsàn gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ tó bá nílò oorun pátápátá, tó sì máa ju wákàtí kan lọ, kí himoglóbínì rẹ̀ lé ní 9.

Agbára àgọ́ kejì hàn kedere. Ṣùgbọ́n àìlera rẹ̀ pọ̀, pàápàá nílẹ̀ wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni 67 tí TAPS gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà kò pọ̀, àwọn olùṣàyẹ̀wò ti ẹgbẹ́ Cochrane sì ti sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti parí ẹjọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó jẹ́ SS àti àwọn tí àrùn wọn sún mọ́ tiwọn ni wọ́n wò. Ẹni SC, tí PCV rẹ̀ sábà máa ń ju 30 lọ fúnra rẹ̀, kò sí nínú ìṣirò náà. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ kún tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà lè ki jù, kó sì ṣòro láti ṣàn, ìyẹn sì lè fa ohun tí a ń sá fún gan-an.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá Àjọ Ìpèsè Ẹ̀jẹ̀ Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ lọ́dún 2021, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí ṣì ní láti wá ẹni tí yóò fúnni lẹ́jẹ̀ fúnra wọn kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin láàárín wa ni AS, ẹ̀jẹ̀ tí ẹni SS ń gbà lè jẹ́ ti AS. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí pé himoglóbínì S ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ara ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra lè kọ́ bí a ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ àlejò jà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀jẹ̀, èyí tí yóò bá a mu á ṣòro láti rí.

Àgọ́ kẹta kò tíì kú, nítorí náà. Níbi tí iṣẹ́ abẹ bá kéré, tí PCV aláìsàn kò lọ sílẹ̀ ju bó ṣe máa ń wà, tí ẹ̀jẹ̀ tó dára kò sì sí nítòsí, àwọn tó ní kí a fi í sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi dúró.

Èrò kẹta: oorun pátápátá àbí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn?

Àwọn kan ní oorun pátápátá ló dára. Dókítà ló ń darí èémí aláìsàn, ó mọ iye ọ́síjìn tó ń wọlé, ìpayà kò sì sí fún ẹni tó ń sùn. Àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tó ń pa ìsàlẹ̀ ara níyè, ló sàn. Ènìyàn ń mí fúnra rẹ̀, kò sí rọ́bà lọ́nà ọ̀fun, ìrora kò sì tètè dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń lò jù fún àwọn aboyún tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Nàìjíríà, yálà ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AA tàbí SS.

Ìwádìí Koshy tí mo mẹ́nu bà da omi tútù sórí ìhà kejì: ìṣòro tó jẹ mọ́ àrùn náà pọ̀ lára àwọn SS tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí irú rẹ̀ ju lára àwọn tí wọ́n kùn lóorun pátápátá. Àlàyé kan wà fún un. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ń gbòòrò, ti òkè sì ń fún láti dí àlàfo náà. Ibi tó fún ni ẹ̀jẹ̀ lè ti dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó fi ìbò pín àwọn aláìsàn yẹn sí ìhà méjèèjì. Dókítà ló yan ọ̀nà fún oníkálukú, ẹni tó sì yan abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn fún aboyún tó ti ń rọbí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó kun ọmọdé lóorun láti yọ bẹ́líùbẹ́líù rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn aláìsàn lè fara hàn bí ìyàtọ̀ láàárín oògùn. Pẹ̀lú omi tó tó àti oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró, púpọ̀ nínú àwọn dókítà akunnilóorun lónìí gbà pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bójú mu fún aboyún SS.

Ìbàdàn ní ohun tó lè fi kún ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1972, Hendrickse, Harrison, Watson-Williams, Luzzatto àti Ajabor tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí oyún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níhìn-ín. Irú àkọsílẹ̀ fínnífínní bẹ́ẹ̀, lórí oorun àti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ni a nílò báyìí.

Èrò kẹrin: bẹ́líìtì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró

Nígbà tí dókítà egungun bá ń ṣiṣẹ́ lára ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, ó máa ń di bẹ́líìtì afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn. Ìwé àtijọ́ kà á léèwọ̀ fún SS: ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró sí, ọ́síjìn á tán níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀. Oginni àti Rufai láti Ilé-Ifẹ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1996. Èrò àwọn tó ń lò ó ni pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ fún ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ẹsẹ̀ náà dáadáa, tí àkókò rẹ̀ kò sì gùn, ewu rẹ̀ ṣeé fara mọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí yóò ṣòfò bá pọ̀. Àwọn tó ń yẹra fún un ní ìwádìí tó wà kéré jù láti fi gbọ̀jẹ̀gẹ́. Ìhà méjèèjì fẹnu kò sí ohun kan: níbi tí iṣẹ́ náà bá ti lè ṣeé ṣe láìsí bẹ́líìtì, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Èrò karùn-ún: ìrora tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí aláìsàn jí lè ṣe pàtàkì ju oògùn tó fi sùn lọ. Ẹni tí àyà tàbí ikùn ń ro kì í mí kanlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á pa dé, ìkọlù àyà á sì rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn kan ní kí wọ́n fún un ní mọ́fíìnì tó tó, láìfi ìfura ṣe é. Wọ́n tọ̀nà ní ti pé àìmọye aláìsàn SS ni wọ́n ti fi ìrora jẹ níyà nítorí ẹ̀rù pé oògùn á di bárakú. Àwọn mìíràn ní mọ́fíìnì tó pọ̀ jù ń rọ èémí, èémí tó rọ náà sì ń bí ìkọlù àyà. Wọ́n tún tọ́ka sí pentazocine, oògùn ìrora tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn wa, tó ti di bárakú fún àwọn aláìsàn SS kan ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà ní òtítọ́ nínú.

Èrò tó ń gòkè báyìí ni kí wọ́n pa oògùn pọ̀ ní ìwọ̀n kékeré, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa iṣan tó ń gbé ìrora ibi tí wọ́n là níyè, kí mọ́fíìnì lè dínkù. Àǹfààní rẹ̀ dára, àmọ́ ó gba ẹ̀rọ àwòrán àti ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́, èyí tí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní.

Ìgbésẹ̀ kan kò fẹ́ owó rẹpẹtẹ: mímí kanlẹ̀ déédéé nípasẹ̀ ike kékeré tí ènìyàn ń fà lẹ́nu. Bellet àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1995 pé ó dín ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró kù gidigidi lára àwọn ọ̀dọ́ SS tí ìrora àyà àti ti ẹ̀yìn gbé wá sílé ìwòsàn. Wọn kì í ṣe ẹni iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó nira láti rí ìdí tí a kò fi ní fi í kún ìtọ́jú àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Ta ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ṣáájú?

Àwọn kan ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, nítorí pé èsì tí ènìyàn ń sọ lẹ́nu lè má jóòótọ́. Àwọn mìíràn ní ìnáwó ni, níwọ̀n bí AS kì í ti í sábà fi kún ewu oorun. Ní pàjáwìrì, àyẹ̀wò kíákíá kan tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín AS àti SS. Ó kàn ń sọ pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ìlú tí S àti C ti pọ̀ tó báyìí, mo fara mọ́ ìhà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sì ń pàdé níbì kan náà: ìmúrasílẹ̀ tó dára ń dín ewu kù ju orúkọ oògùn oorun lọ. Dókítà tó mọ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú pé SS ni aláìsàn rẹ̀ lè wá ẹ̀jẹ̀, ó lè bá onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì lè ṣètò ìtọ́jú ìrora. Ẹni tó mọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe ìdajì rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè kan ṣì ṣí sílẹ̀. Kí ni ká ṣe fún ẹni SC? Ṣé ẹni tí oògùn hydroxyurea ń ràn lọ́wọ́ dáadáa ṣì nílò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ? Ìbàjẹ́ wo ni ẹ̀jẹ̀ AS ń ṣe fún ẹni SS tó gbà á? Nínú oorun pátápátá àti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èwo ló sàn bí a bá fi ìbò pín àwọn aláìsàn tó dọ́gba? Inú yàrá iṣẹ́ abẹ òkèèrè ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí a ń lò ti wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ wa ni àwọn aláìsàn pọ̀ sí jù. Ìlú tó ní UCH, tó sì ní onímọ̀ bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, tí àmì ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO tẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún 2001, kò yẹ kó máa dúró de òkèèrè fún àwọn ìdáhùn wọ̀nyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni SS tàbí SC nílé, ẹ jẹ́ kí ìwé jẹ́nótáìpù rẹ̀ wà nítòsí. Ẹ kọ PCV tó máa ń wà lára rẹ̀ sílẹ̀, àti iye ìgbà tó ti gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kí dókítà akunnilóorun rí i kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ẹ̀yin tí ara yín le koko, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní bánkì ẹ̀jẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ yín.